Ta Ló Ni Pọ́ṣọ̀n? Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣẹ́ Àgbàṣe Nínú Òwò Kékeré

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, oníṣẹ́ ìròyìn tó ti di oníwèé, bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ogún ọdún tí a jáde níléèwé. A tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́, àfi ibi tí ẹ̀rín kò jẹ́ kí á gbọ́ ohun tó ń wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ìlú òyìnbó wá, ẹ káàbọ̀, a rí i pé awọ yín ti ń dán ju tiwa lọ. Ẹ̀yin tíṣà wa, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lónìí, ẹ má ṣe ní kí n kúnlẹ̀ o, orúnkún mi kò rí bíi tìgbà yẹn mọ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló pè mí lóṣù tó kọjá pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí òwò. Mo ní, "Èmi kẹ̀? Ṣé kò sí olówó nínú wa ni?" Ó ní àwọn olówó ti sọ tiwọn lọ́dún tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó rí nǹkan kan mú lọ sílé níbẹ̀. Ó ní ẹni tí òwò ti nà rí ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyí tí ẹ fi rí mi níwájú yín.

Nígbà tí mo wo ìwé orúkọ ẹgbẹ́, mo rí i pé púpọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ ara wọn. A ní télọ̀, a ní alásè, a ní ẹni tó ń ta fóònù, a ní ẹni tó dá iléèwé jẹ́léósinmi sílẹ̀, a tún ní àwọn méjì tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé òun náà ni ọ̀gá, òun náà ni akọ̀wé, òun náà ni ọmọọ̀ṣẹ́, òun náà ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù lóru. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: èwo nínú iṣẹ́ wa ni a lè gbé fún ẹlòmíràn kó bá wa ṣe, èwo ni kò ṣeé gbé sílẹ̀, àti pé bí a bá gbé e fún un tán, ta ló ni ín? Elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní outsourcing. Àwa ń pè é ní àgbàṣe.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí ọjọ́ iṣẹ́ oko. Wọ́n á fi igi wọn ilẹ̀, wọ́n á ní, "Láti ìdí gúáfà dé etí kòtò yẹn, pọ́ṣọ̀n tìrẹ nìyẹn." Nígbà tí a fi máa dé SS 3, a ti gbọ́n, ọwọ́ wa kì í kan àdá mọ́. A ó pe júníọ̀ kan, a ó ṣèlérí bísíkíìtì fún un, tàbí kí á má tiẹ̀ ṣèlérí ohunkóhun, a ó sì lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Lọ́jọ́ kan báyìí, mo gbé pọ́ṣọ̀n tèmi fún ọmọ JS 1 kan. Ọmọ náà gé ìdajì, òjò ṣú, ó sá wọlé. Ọ̀gá wa tó ń kọ́ wa ní Àgíríìkì dé. Wọn ò béèrè júníọ̀ o. Orúkọ mi ló wà nínú ìwé wọn. Mo ní, "Sà, ọmọ tí mo gbé e fún ni kò parí ẹ̀." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ta ló ni pọ́ṣọ̀n?" Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ. Ọ̀gá náà ló jókòó síbẹ̀ yẹn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra rín in, sà. Ìbéèrè yẹn gbà mí ní ọdún 17 kó tó yé mi, ibẹ̀ gan-an ni mò ń mú yín lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní àgbàṣe. Ó kéré tán, àwọn baba wa ní ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà rí ọwọ́ kún ọwọ́. Àáró ni kí n bá ọ roko lónìí, kí ìwọ náà bá mi ro tèmi lọ́la. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹbí àti ará àdúgbò tú jáde láti bá ẹnì kan kọ́lé tàbí láti bá àna ẹni ṣiṣẹ́, kí onílé fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Àgbàṣe ní tirẹ̀, owó ni: o ní oko, mo ní ọkọ́, a dá iye rẹ̀, mo ṣe é, o san án. Wàhálà púpọ̀ nínú òwò wa máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí a bá ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. O bẹ ọ̀rẹ́ rẹ kó bá ọ ya àmì ilé iṣẹ́ rẹ. Lọ́kàn tìrẹ, ọ̀wẹ̀ ni. Lọ́kàn tirẹ̀, àgbàṣe ni. Ọjọ́ tí ẹ bá jà ni ẹ máa tó mọ èyí tó jẹ́.

Ẹ wo àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ l'Abẹ́òkúta láyé àtijọ́. Ẹni tó di aṣọ, tàbí tó fi ẹ̀kọ ya ọnà sí i, lè máà jẹ́ ẹni tó máa rẹ ẹ́. Aládìrẹ lọ́tọ̀, aláró lọ́tọ̀. Aládìrẹ á ra aṣọ funfun, á ṣe ọnà tirẹ̀ sí i, á gbé e tọ aláró tó ní ìkòkò lọ, á san owó iṣẹ́, á gba aṣọ rẹ̀ padà, á lọ tà á. Kí ló fà á? Ìkòkò aró kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá sílẹ̀ nítorí aṣọ méjì. Èlú ń bẹ níbẹ̀, eérú ń bẹ níbẹ̀, ó ń gba ọjọ́ púpọ̀, ó sì ń gba ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sàn kó gbé tirẹ̀ fún ẹni tó ń rẹ ti gbogbo àdúgbò.

Ìṣirò yìí kan náà ni gbogbo wa ń ṣe lójoojúmọ́ láìmọ̀. Mélòó nínú yín ló ní ẹ̀rọ ata nílé? Ẹ tún wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ èyíkéyìí. Òun ló wọn ara rẹ, òun ló gé aṣọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀, etí aṣọ ti lọ sọ́dọ̀ oníwíífìn, ihò bọ́tìnnì ti lọ sí òpópónà kejì. O ò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Bí ọrùn agbádá bá wọ́, télọ̀ lo máa bá fa wàhálà.

Èmi náà ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé Poly ni mo lọ, mo kọ́ iṣẹ́ ìròyìn níbẹ̀, mo ṣe ND, mo ṣe HND, mo sìnrú ìlú. Mo ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn fún ọdún márùn-ún. Owó oṣù níbẹ̀ dà bí àlejò, ìgbà tó bá wù ú ló ń dé. Ní 2017 mo fi í sílẹ̀, mo gba yàrá kan l'Agége, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé ètò ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìròyìn fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìwé ìtàn ìgbésí ayé fún àwọn àgbà tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún.

Èmi ni mò ń lọ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, èmi ni mò ń ya fọ́tò, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, èmi ni mò ń tò ó sójú ewé, èmi ni mò ń gbé e lọ sí Ṣómólú, èmi náà ni màá tún gbé páálí sórí ọ̀kadà lọ fún oníbàárà. Mo ń pè é ní ìfarajìn. Ìyàwó mi ń pè é ní ahun. Òótọ́ sì wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Mo máa ń ṣírò pé bí mo bá fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, ₦5,000 tí mi ò san fún ẹlòmíràn ti di èrè mi. Mi ò ṣírò òru mẹ́ta tí mo fi jókòó tì í. Mi ò sì ṣírò àwọn tó pè mí láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn tí mi ò gbé ìpè wọn. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ṣe ìwé fún bàbá rẹ̀, ẹ̀dà 1,000. Ó bá ẹlòmíràn lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó jáwọ́ nínú ahun.

Ẹni tí kò bá mọ Ṣómólú, ẹ jẹ́ ká jọ rìn níbẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àdúgbò yẹn ti jẹ́ ti àwọn atẹ̀wé l'Ékòó. Ohun tí ẹ máa rí jù níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wẹ́wẹ́, kálukú pẹ̀lú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹnì kan ń ta bébà. Ẹnì kan ń to ọ̀rọ̀ àti fọ́tò sójú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan ń ṣe pléètì, ìyẹn páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń gbé àwòrán ojú ewé sí. Ẹnì kan ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ Heidelberg àtijọ́ tí wọ́n rà ní àlòkù, tó ti pẹ́ láyé ju èmi lọ. Ẹnì kan ń fi ọ̀rá bo èèpo ẹ̀yìn ìwé kó lè máa dán. Ẹnì kan ní ẹ̀rọ tó ń gé bébà, ẹnì kan ń ká a, ó ń gún un ní pínnì tàbí kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Láàárín gbogbo wọn, àwọn ọmọkùnrin ń ru bébà lórí láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ìwé kékeré tí wọ́n fún yín lóde ìyàwó lè ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn mẹ́jọ tí kò sí èyí tó jẹ́ ọmọọ̀ṣẹ́ ẹnì kejì. Òyìnbó míṣọ́nárì tó dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní 1859, Henry Townsend, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ ló ní lọ́dọ̀. Èmi kò ní ẹ̀rọ kankan títí di òní, oníbàárà mi kò sì béèrè rẹ̀ rí.

Nígbà tó fi máa di 2019, mo ti gbé gbogbo rẹ̀ síta: títẹ̀, títò, gbígbé ẹrù, títí kan ìṣirò owó. Mo wá di ọ̀gá. Mo ra àga tó ń yí.

Ní 2022, ẹbí kan gbé ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn fún mi. Màmá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀dà 500 ni, ojú ewé 24, aláwọ̀ mèremère. Àkọ́bí wọn fi bírò kọ orúkọ gbogbo ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àna sórí bébà kan, ó kó o lé mi lọ́wọ́. Bébà náà ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni orúkọ àwọn mẹ́rin kan wà. Kì í ṣe màmá náà ló bí wọn. Orogún rẹ̀ ló bí wọn, orogún yẹn kú nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà lọ́mọ ọdún méjì. Màmá yìí ló tọ́ wọn, ló rán wọn níléèwé, ló dúró bí ìyá lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Àkọ́bí ṣàlàyé gbogbo èyí fún mi lójúkojú. Ó ní, "Ẹ má kọ ọ́ pé ọmọ orogún o. Ọmọ ni kí ẹ kọ." Mo ní kò séwu.

Mo fi fóònù ya fọ́tò bébà náà, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin tó ń bá mi tẹ nǹkan ní Ṣómólú. Iwájú nìkan ni mo yà. Fóònù kejì ń dún lọ́wọ́ mi, ẹlòmíràn ń béèrè páálí tirẹ̀.

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, ó fi prúùfù ránṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa ń ka prúùfù, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù tí mi ò tíì gbé sílẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn mo wà ní Ìbàdàn níbi ayẹyẹ kan, mo ní kí ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé dáadáa bá mi kà á, màá sanwó fún un. Ó kà á. Kò rí àṣìtẹ̀ kankan, torí kò sí àṣìtẹ̀ níbẹ̀. Ta ló lè tún orúkọ tí kò sí lórí ìwé ṣe? Nínú gbogbo àwa tí iṣẹ́ yẹn gba ọwọ́ wa kọjá, èmi nìkan ni mo ti rí ẹ̀yìn bébà. Mo ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, àìsùn ń lọ lọ́wọ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ sin màmá, fóònù mi dún. Àkọ́bí ni. Kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni oníwèé, ẹ máa bọ̀ nílé báyìí."

Mo dé bẹ̀, mo bá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àgbàlagbà ni wọ́n o, èyí àgbà nínú wọn ti hu ewú. Wọ́n jókòó sí apá kan pálọ̀, àwọn ọmọ màmá yòókù jókòó sí apá kejì, ìwé mi wà lórí tábìlì láàárín wọn. Obìnrin tó jẹ́ ẹnì kejì nínú àwọn mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. Ó ní, "A ti mọ̀ pé bí màmá bá ti lajú sí ọ̀run, wọ́n máa yọ wá. A ò kàn mọ̀ pé inú ìwé ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ni." Àkọ́bí ń búra. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wo ilé yẹn. Àwọn ọmọ tí màmá fi ọjọ́ ayé rẹ̀ so pọ̀, fọ́tò tí mo yà láàbọ̀ ló fẹ́ tú wọn ká kí wọ́n tó gbé e wọ ilẹ̀.

Àbúrò màmá, bàbá àgbàlagbà kan, kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Ká sòótọ́, ìdáhùn méjì ló wà lẹ́nu mi. Mo lè ní ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ ni. Mo lè ní ẹni tó kà á ni. Mo ti ya ẹnu láti sọ ọ́, àfi bíi pé ẹnì kan sọ ọ́ sí mi létí: ta ló ni pọ́ṣọ̀n? Ẹ ṣeun, sà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Bàbá, èmi ni. Ẹbí kò yọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún mi ní ìwé pé, èmi ni mi ò fi ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́." Mo yọ bébà yẹn jáde nínú báàgì mi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì jù ú nù. Ọwọ́ àkọ́bí ló kọ ọ́, orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé síbẹ̀, ó tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ "ọmọ." Obìnrin yẹn gbà á, ó kà á, ó tún un kà, ó bú sẹ́kún. Àkọ́bí dìde lọ bá a.

Bí mo ṣe jáde níbẹ̀, Ṣómólú ni mo gbà lọ. Pléètì tuntun, ká tún bébà kan tẹ̀ ní ẹ̀dà 500, ká yọ pínnì ìwé kọ̀ọ̀kan, ká fi tuntun rọ́pò, ká tún un gún. Ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní, "Ọ̀gá, ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo tẹ̀." Òótọ́ ló sọ, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá tó ń bá wa di ìwé náà jáde láti ilé wọn láago mọ́kànlá òru, bàbá tí kò lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Mo bi wọ́n lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí wọ́n fi jáde. Wọ́n ní, "Ìwọ lo máa ń san owó mi lọ́jọ́ tí mo bá parí iṣẹ́. Àwọn yòókù, ẹsẹ̀ ni mo fi ń wá wọn kiri." Aago mẹ́fà àárọ̀ la parí. Èrè tí mo fojú sí nínú iṣẹ́ yẹn jẹ́ ₦90,000. Àtúnṣe rẹ̀ gba ₦120,000. Ìwé bíi àádọ́ta ti jáde lọ sọ́wọ́ àwọn tó wá ṣe àìsùn, a ò rí gbogbo rẹ̀ gbà padà. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí pé ó ṣì wà nínú àpótí ẹnì kan.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Mo máa ń rò pé òwe yẹn kò kàn mí. Ọmọ tó ń tẹ̀wé kò mọ ẹbí yẹn rí, kò sì sídìí tó fi yẹ kó mọ̀ wọ́n. Èmi ló mọ̀. Oníbàárà kò mọ̀ ọ́n, èmi ni wọ́n mọ̀. Bí èmi tí mo wà láàárín bá di ojú mi, afọ́jú méjì ni mo so pọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ronald Coase. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún wa ní Poly, ṣùgbọ́n ìdánwò ni mo kà á fún, mo gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tí ọ̀ràn yẹn ṣẹlẹ̀ ni mo padà lọ wá a. Ó kọ àròkọ kan ní 1937 níbi tó ti béèrè ìbéèrè kan tó dà bí ti ọmọdé: bí ohun gbogbo bá ṣeé rà lọ́jà, kí ló dé tí ilé iṣẹ́ fi wà rárá? Kí ló dé tí ọ̀gá kò fi máa ra iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan láràárọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọjà fúnra rẹ̀ ń gba owó. Wíwá ẹni tó mọ iṣẹ́, owó ni. Dídúnàádúrà, owó ni. Ká fọ́nù sí i, ká lọ wò ó, ká tún un ṣàlàyé, owó ni gbogbo rẹ̀. Ní 1991 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ohun tó yé mi níbẹ̀ ni pé nígbà tí mò ń gbé iṣẹ́ síta, iye tí alágbàṣe pè nìkan ni mò ń kọ sílẹ̀. Mi ò kọ owó ojú tí mo gbọ́dọ̀ fi ṣọ́ ọ. Kó má sì ṣe bí ẹni pé àwa tálákà nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ Boeing náà ṣe é: ọkọ̀ òfurufú 787 wọn, wọ́n gbé apá púpọ̀ nínú rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ káàkiri ayé, 2008 ló yẹ kí èyí àkọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹni tó rà á, 2011 ló tó dé.

Nítorí náà, báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ tí mo bá lè kọ sórí ìdajì bébà bí ó ṣe gbọ́dọ̀ rí tó bá parí, mo máa ń gbé e síta. Títẹ̀, gígé, dídì, gbígbé ẹrù. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, tí mi ò sì ní máa lò ó lójoojúmọ́, mo gbé e síta. Ìṣirò owó, akáǹtáǹtì kan ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ṣùgbọ́n fóònù tí àlátì báǹkì ń dún sí, ọwọ́ mi ló wà. Kíkà ìkẹyìn, mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹlòmíràn lè kà á ṣáájú, inú mi á dùn, ṣùgbọ́n èmi tó gba iṣẹ́ lẹ́nu oníbàárà ni mo máa kà á kẹ́yìn, bébà ìpilẹ̀ṣẹ̀ á wà lápá òsì, prúùfù á wà lápá ọ̀tún, oníbàárà á sì fọwọ́ sí i kó tó wọ ẹ̀rọ. Ọmọ kíláàsì wa tó ń sè oúnjẹ òde sọ tirẹ̀ fún mi láàárọ̀ yìí. Ó ní kúlà, àga, kánópì, small chops, ẹ̀yà ẹran gígé, gbogbo rẹ̀ lòun ń gbé fún ẹlòmíràn. Títọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní kódà bí ibà bá dá òun gúnlẹ̀, kí wọ́n gbé ṣíbí wá bá òun lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o. Mo mọ̀ pé a kì í fẹ́ kọ ìwé láàárín ọ̀rẹ́, a máa ń rò pé ó dà bí àìgbẹ́kẹ̀lé. Òfin copyright ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2022, sọ pé bí o bá gbé iṣẹ́ bíi yíya àmì ilé iṣẹ́ tàbí kíkọ ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ, ẹni tó ṣe é ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti di tìrẹ. Owó tí o san nìkan kò tó. Ìwé ìlà mẹ́rin ti tó, tí ẹ̀yin méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà wa. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 kò gbà kí o sọ pé ẹni tí o gbé e fún ló jẹ́ kó ta síta, kí o sì wẹ ọwọ́ rẹ nù. Ẹ̀yin tí ẹ ní iléèwé, tí ẹ ń kó orúkọ àwọn ọmọ fún ẹni tó ń ṣe káàdì, ẹ fetí sí ìyẹn dáadáa.

Ti owó náà ń bẹ níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2023 mo dá iye kan fún oníbàárà lórí ìwé kan. Kí oṣù tó parí, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, bẹ́ẹ̀ òkèèrè ni púpọ̀ nínú bébà tí a ń lò ti ń wá. Atẹ̀wé ní iye àtijọ́ ti kú. Oníbàárà ní iye tòun ṣì wà láàyè. Èmi ni mo wà láàárín tí mo san ìyàtọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń kọ ọ́ sábẹ́ gbogbo ìwé iye owó mi pé ọjọ́ 7 péré ni iye yìí wà fún, mo sì ń gba àsansílẹ̀ tó lè ra bébà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n má gbàgbé àwọn tí a ń gbé iṣẹ́ fún. Àwa náà, alágbàṣe ẹlòmíràn ni wá, a sì mọ bó ṣe ń rí bí ẹni tí a ṣiṣẹ́ fún kò bá gbé fóònù mọ́. Ọmọ tó ń tẹ̀wé yẹn ṣì wà pẹ̀lú mi. Láti 2022, kò sí bébà tí mo fi ránṣẹ́ sí i tí kò ní kọ́kọ́ bi mí pé, "Ọ̀gá, ẹ̀yìn ńkọ́?" Nígbà míì ó máa ń bí mi nínú, mo sì máa ń yí bébà náà padà wò.

Ọ̀rọ̀ mi ti ń parí lọ, mo ń gbóòórùn ìrẹsì. Akọ̀wé ti gbé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ fún mi láti bá wọn tẹ̀, mo sì dúpẹ́ fún ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ kó lé mi lọ́wọ́ ni orúkọ àwọn olùkọ́ wa àti àwọn ọmọ kíláàsì wa tó ti lọ. Mo fẹ́ èèyàn mẹ́ta tí yóò dúró tì mí lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú olùkọ́ kan bí wọ́n bá lè bá wa jókòó, ká jọ kà á kó tó lọ sí Ṣómólú. Bébà náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn.